Orúkọ Tí Ìyá Sọlá Kò Jẹ́ Pè ní Atakpamé

Láti ọ̀sẹ̀ tí mo ti dé, gbogbo ẹni tó bá yà sí ìsọ̀ mi ní Kétu ló ń béèrè ohun tí mo mú bọ̀ láti Tógò. Àwọn kan ń retí aṣọ, àwọn mìíràn ń retí ọṣẹ àti ìpara. Ìbínú ni mo mú bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bu díẹ̀ fún òun, kó fa àga kó jókòó, nítorí n kò lè sọ ọ́ lórí ìdúró.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ìwé ni mò ń tà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tà á ní àdúgbò yìí: ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ìwé àdúrà, ìwé ìtàn, tuntun àti tokunbọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé nǹkan kan wà nínú ìwé, mo máa ń gbà pé òótọ́ ni. Mo rò pé kí wọ́n tó tẹ ọ̀rọ̀ sínú ìwé, àwọn ọlọ́gbọ́n á ti jókòó tì í, wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Ojú mi ti là báyìí.

Oníbàárà mi kan tó máa ń ra ìwé àkọsílẹ̀ lọ sí Kútọnu ló mú ìwé mẹ́ta wá fún mi lẹ́bùn. Ìwé tuntun ni wọ́n, wọ́n ń dán. Ó ní orílẹ̀-èdè Tógò ni wọ́n dá lé: àṣà wọn, ilé wọn, oúnjẹ wọn, bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé. Ó ní orílẹ̀-èdè kékeré ni, wọn kò sì fẹ́ kí ohun tí àwọn bàbá wọn fi sílẹ̀ parun. Inú mi dùn sí i, mo ní ó yẹ kí àwa náà ṣe irú rẹ̀. N kò gbọ́ Faransé, àwòrán ni mò ń wò. Ìwé kẹta sọ̀rọ̀ nípa àwọn àlejò tó lọ ṣòwò níbẹ̀ tí wọ́n sì di onílé. Bí mo ṣe ń ṣí i lọ, mo rí màmá mi.

Àwòrán yẹn gan-an wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Ìkòsì. Màmá mi ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí bàbá rẹ̀ jókòó sí. Kò wọ bàtà. Ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta. Atakpamé ni wọ́n ti yà á, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí màmá mi sí. Ṣakí ni bàbá rẹ̀ ti gbéra lọ síbẹ̀ lọ ta abọ́ tánganran, ó kọ́lé síbẹ̀, ó kú síbẹ̀. Ọkọ ló gbé màmá mi wá sí Èkó.

Mo ti ìsọ̀, mo gbé ìwé náà sáré lọ sílé. Tíṣà Faransé kan ń gbé lẹ́yìn ilé wa, mo pè é wá kó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán. Kó tó dé, Màmá ti wẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ tó dáa, wọ́n ti jókòó. Tíṣà kà á sínú, ó wojú mi. Mo ní kó máa kà á síta. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bàbá onílé rèé, àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Eyínfúnjowó, ẹni tí a kò mọ òbí rẹ̀ tàbí ibi tó ti wá.

"Ọmọ ọ̀dọ̀," ni Màmá wí. "Nínú ilé bàbá mi."

Wọn kò jẹun lọ́sàn-án, wọn kò jẹun lálẹ́. Mo fóònù oníbàárà mi, ìyẹn sì ní òun gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀ láti pín in sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Nígbà tí Màmá gbọ́ èyí, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kú kí ọmọ ọlọ́mọ máa ka àwọn ní kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ní bàbá. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Mo di ẹrù mi.

Ẹnubodè

Bí mo ṣe bọ́ sínú ọkọ̀ yìí tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Ti ẹnubodè ni kí ẹ bá mi gbọ́. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ní kí n tú báàgì mi. Ìró méjì, gààrí díẹ̀, ìwé kan, àti àwòrán tí mo yọ lára ògiri ló wà níbẹ̀. Ó wo báàgì, ó wò mí, ó tún wo báàgì. Ó béèrè ọjà mi. Mo ní n kò gbé ọjà. Ó ní obìnrin Èkó wo ló ń kọjá níbí láìgbé ọjà. Mo ní ìwé yìí ni mo fẹ́ lọ bá wọn jà lé lórí.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá wo obìnrin tó ń lọ bá ìwé jà, ìyẹn náà dé, ó bá a rẹ́rìn-ín. Ká ní ilẹ̀ ni mo fẹ́ lọ jà sí ni, wọn ì bá ti kí mi pẹ̀lẹ́, wọn ì bá ti bi mí bóyá mo ní lọ́yà. Orúkọ ni, wọ́n sì rò pé orúkọ kì í dun èèyàn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n wí pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí tiyín sọnù, kí ẹ wá ka iye ẹni tó máa bá yín wá a.

Lómé

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Lómé. Òkun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì báyìí, kò sí ògiri, kò sí géètì, àwọn èèyàn jókòó sí etí rẹ̀, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun. Ọ̀kadà kún ìgboro wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í fọn fèrè lásán. Mo wá ohun tí mo lè bínú sí, n kò tètè rí i, ìyẹn náà sì bí mi nínú.

Kí n tó la ẹnu ni wọ́n ti ń pè mí ní Ànàgó. Bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá nìyẹn. Mo bi obìnrin tó ni ilé tí mo wọ̀ sí pé báwo ló ṣe mọ̀, ó ní kò sí ẹlòmíràn tó ń wọlé onílé bí ẹni tó fẹ́ ra ilé náà. Ní Kétu, ìyá oníwèé lásán ni mo jẹ́. Ní Lómé, gbogbo ìran mi ni mò ń gbé kiri. Bí mo bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, Ànàgó ló ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ wọn, kó má di pé ìjà nìkan ni mo bá lọ. Ọmọbìnrin mẹ́ta dúró ti odó kan, wọ́n ń gún un tẹ̀léra tẹ̀léra, ọmọ odó ẹnìkan kò sì kan ti ẹnì kejì. Nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú mi, mo rí i pé iyán ni. Iyán gidi, iyán iṣu. Wọ́n ní fùfú ni. Mo ní fùfú kọ́, pé ẹ̀gẹ́ la fi ń ṣe fùfú. Ìyá tó ń tà á ní fùfú ni, kí n jẹ ẹ́ kó má baà tutù. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní kí wọ́n bù sí i, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà àti ẹran ewúrẹ́, mo sì ń bá ìyá náà jiyàn lọ títí mo fi fọwọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà. Mo wọlé, mo na ìwé sí obìnrin tó jókòó síwájú, mo ní ta ló kọ ìsọkúsọ yìí. Ó wò mí, ó ní bọ́njúù. Mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Ó tún ní bọ́njúù, Madam. Ìgbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó mọ̀ pé ìkíni ló ń dúró dè. Èmi tí wọ́n fi ìkúnlẹ̀ àti ìkíni tọ́ dàgbà, àlejò ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. Ojú tì mí, ìtìjú náà sì fi kún inú tó ń bí mi. Mo kí i. Ó dáhùn dáadáa, ó fi Gẹ̀ẹ́sì jákujàku sọ pé ẹni tó kọ ìwé náà máa dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Agogo méjìlá lù, wọ́n ti ilẹ̀kùn, gbogbo wọn lọ sílé lọ sùn. Ọjọ́ iṣẹ́ ni o. Odindi ọ́fíìsì lọ sùn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn wọn títí di agogo méjì ààbọ̀, oòrùn ń pa mí, mò ń ka èébú tí mo máa bú u lọ́kọ̀ọ̀kan kí n má baà gbàgbé èyíkéyìí.

Ọkùnrin tó kọ ìwé náà ni Músíọ̀ Kójó. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ̀ ti ń funfun, ó ti gbé ní Gánà rí nítorí náà ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Agbéraga ni mo gbé ìjà wá fún. Ẹni jẹ́jẹ́ ni mo bá, ó fa àga fún mi, ó sì bu omi tútù fún mi kó tó bi mí ní ohun tó gbé mi dé. Kò sí ohun tó ń bí èèyàn nínú tó kí ó gbé ìjà dé kí ẹni tó fẹ́ bá jà máa fún un lómi mu.

Mo gbé àwòrán ògiri wa ka orí tábìlì. Mo ní màmá mi rèé, ọmọ bíbí ilé náà ni. Kò jiyàn. Ó lọ mú fáìlì kan wá, ó sì fi ẹ̀dà ojú ewé kan hàn mí, níbi tí bàbá màmá mi ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sẹ́yìn Bíbélì. Orúkọ ìrìbọmi ló kọ fún gbogbo wọn. Ẹnìkarùn-ún ni Fẹlisité. Mo fi ìka lé e, mo ní òun nìyẹn.

Ó ní òun rí Fẹlisité, ṣùgbọ́n òun kò rí ẹni tó mọ ibi tó wọlé sí. Nígbà tí òun gbé àwòrán yẹn lọ sí Atakpamé, òun bi ẹni tó dàgbà jù nínú ilé pé ta ni ọmọbìnrin tó dúró yìí, Eyínfúnjowó ló dáhùn. Òun wá Eyínfúnjowó láàárín àwọn ọmọ, òun kò rí i. Òun wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí bàtà. Òun wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó pọn ọmọ. Bí òun ṣe kọ ọ́ ní ọmọ ọ̀dọ̀ nìyẹn.

Mo bi í pé ta ni ẹni tó dàgbà jù tó bá nílé. Ó ní ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sọlá. Bí mo ṣe gbọ́ orúkọ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi.

Ìyá Sọlá ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin. Sọlá, àkọ́bí rẹ̀, ni ọmọ tí màmá mi pọ̀n nínú àwòrán. Nígbà tí wọ́n gbé e wọlé ní ìyàwó, ó bá màmá mi nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ èyí kò nílò àlàyé: ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló bá. Ó ní láti wá orúkọ mìíràn fún un. Eyín màmá mi funfun, ó sì sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Ká ní ọmọ ọ̀dọ̀ ni màmá mi, orúkọ rẹ̀ gan-an ni ìyàwó náà ì bá máa fi pè é láàárọ̀ lálẹ́. Ohun tí ọkùnrin yìí fi sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ ni ẹ̀rí pé ọmọ ilé ni.

Mo ṣàlàyé èyí fún un títí ẹnu fi ń ro mí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n orí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ilé ni òun gbé ìwé náà kà, òun kò sì lè torí ọmọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan pa á rẹ́. Kí ẹni tó bá wọn gbé inú ilé náà sọ sínú ẹ̀rọ tí òun fi ń gba ohùn sílẹ̀ pé ọmọbìnrin inú àwòrán yìí ni Fẹlisité, ó parí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìwé ń padà sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Mo bi í pé nígbà tó ń kọ ọmọ ọ̀dọ̀, ẹnu ta ló ti gbọ́ ọ. Ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́, òun á gbé mi lọ bá Ìyá Sọlá.

Ọ̀nà òkè

Ọkọ̀ tirẹ̀ la gbé lọ sí Atakpamé. Ó ń ra nǹkan fún mi lọ́nà, ọ̀pẹ òyìnbó, iṣu díndín tí wọ́n ń pè ní kòlíkò. Mò ń jẹ ẹ́, n kò sì dárí jì í. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìwé rẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ọdún ni òun fi kó wọn jọ, láti ìletò dé ìletò. Ó ní ẹni tó bá ti orílẹ̀-èdè kékeré wá mọ̀ pé bí òun kò bá kọ ìtàn ara òun, ẹnìkan á jókòó sí Párísì, á kọ ọ́ fún un bó ṣe wù ú.

"Ẹ sì ti wá di ará Párísì sí màmá mi lọ́rùn," ni mo wí.

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, inú ara mi náà ń bí mi. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣòwò ni mo ti ń sọ pé mo máa gbé Màmá lọ kí àwọn èèyàn wọn. Lọ́dọọdún ni mò ń sọ ọ́. Nọ́ńbà fóònù ilé yẹn sọnù lọ́wọ́ wa, n kò wá a. Ká ní a ti ń lọ, ká ní a ti ń bọ̀, ta ni yóò wo àwòrán màmá mi nínú ilé yẹn tí yóò béèrè pé ta ni?

Atakpamé

Orí òkè ni ìlú náà wà. Ilé ń gun ilé lórí, ọ̀nà pupa ń yí ká wọn, ẹ ó gòkè ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ti rí láti ìsàlẹ̀. Ilé bàbá màmá mi ṣì dúró. Wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ ewé, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn láti inú àwòrán.

Ìyá Sọlá jókòó sórí àga oníke ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n kéré, wọ́n ti tẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Wọ́n ti àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú, wọ́n ní iwájú orí Eyínfúnjowó rèé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Yorùbá wọn dàgbà ju tiwa l'Ékòó lọ, ó jinlẹ̀, Faransé sì ń yọjú nínú rẹ̀ níbi tí èèyàn kò ti retí rẹ̀.

"Ọkọ mi ńkọ́?" ni wọ́n ń béèrè. "Ṣé ó ń jẹun dáadáa?"

N kò lè sọ fún wọn pé kò jẹun. Mo ní wọ́n wà. Wọn kò jẹ́ ká sọ ohun tó gbé wa dé títí wọ́n fi se ẹ̀wà náà, tí wọ́n bu gààrí lé e, tí wọ́n da epo sí i, tí wọ́n jókòó ti àwa méjèèjì pé ká jẹ ẹ́ tán. Músíọ̀ Kójó jẹ tirẹ̀ tán, ó dúpẹ́, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì na àwòrán sí wọn. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe orúkọ rẹ̀ fún wọn."

"Eyínfúnjowó ni."

"Rárá o, orúkọ rẹ̀ gan-an. Èyí tí bàbá sọ ọ́."

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n bọ́ṣọ. "Èmi? Kí n la orúkọ mọ́ ọkọ mi lórí?"

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mo ní ọkùnrin yìí kò ní kọ ọ́ bí wọn kò bá pè é. Wọ́n ní wọ́n gbé àwọn wọ ilé yìí nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, àwọn sì ti dàgbà dàgbà, ẹnu àwọn kò pè é rí. Ọkọ àwọn kú, àwọn kò pè é. Bàbá kú, àwọn kò pè é. Ṣé ìgbà tí ilé wá ku àwọn nìkan ni kí àwọn wá sọ ara àwọn di ẹni tí wọn kò fẹ́ síbẹ̀?

Mo mọ̀ pé àgbà ni wọ́n, mo mọ̀ pé oúnjẹ wọn ṣì wà ní ẹnu mi, síbẹ̀ mo pariwo mọ́ wọn. "Orúkọ tí ẹ kò pè yìí ló sọ màmá mi di ọmọ ọ̀dọ̀! Ẹ̀yin lẹ fà á!" Àwọn ará ilé kejì yọjú. Ìyá Sọlá tún àtẹ ẹ̀wà gbé sórí itan, kò sì sí ẹ̀wà kankan níbẹ̀ mọ́.

Mo fóònù sílé. Tómi, ọmọ mi obìnrin, ló gbé e, mo ní kó gbé e fún Màmá kíákíá. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí Màmá fúnra wọn pàṣẹ fún wọn, nítorí bí ọkọ bá pàṣẹ, ìyàwó á ṣe é. Mo tẹ ohùn fóònù sókè, mo gbé e sáàárín wa.

"Ìyàwó mi," ni Màmá wí.

Ìyá Sọlá gbé àtẹ sílẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di apá àga, wọ́n sọ ara wọn kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún kan, lẹ́yìn náà èkejì, wọ́n kúnlẹ̀ sílẹ̀ síwájú fóònù. "Ẹ kú ilé o, ọkọ mi," ni wọ́n wí. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Mo ké sínú fóònù pé kí Màmá sọ fún wọn kí wọ́n pe orúkọ wọn.

"Bùkọ́lá," ni Màmá wí, "fi ìyàwó mi sílẹ̀."

Músíọ̀ Kójó rọra súnmọ́ mi. Ó béèrè ọdún tí ìyá yìí fi ju màmá mi lọ. Mo ní ọdún mẹ́jọ. Ó ní kí ló wá dé tó fi kúnlẹ̀ fún un.

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ọmọ ọ̀dọ̀ nílẹ̀ yín nìyẹn?"

Ó wo ìyá náà lórí ìkúnlẹ̀. Ó wá fa ẹ̀dà ìwé tirẹ̀ yọ nínú báàgì, ó ṣí i sí ojú ewé yẹn, ó yọ bírò. Ojú mi kò kúrò lára bírò náà. Mo rí i tó fa ìlà sórí ọmọ ọ̀dọ̀. Mo rí i tó fa ìlà sórí òbí tí a kò mọ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní kó kà á fún mi, ó sì kà á: Fẹlisité, ọmọ karùn-ún nínú ilé, ẹni tí ìyàwó ilé ń pè ní Eyínfúnjowó. Bó ṣe dé ibi orúkọ, Ìyá Sọlá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú ni a kúrò níbẹ̀, torí Músíọ̀ Kójó fẹ́ dé Lómé. Mo fún Ìyá Sọlá ní ọ̀kan nínú ìró mi, mo sì ní kí wọ́n má bínú. Kíákíá ni mo sọ ọ́, ẹsẹ̀ mi kan ti wà nínú ọkọ̀.

Ìkòsì

Màmá ti ń jẹun kí n tó dé. Tómi ní láti alẹ́ ọjọ́ tí mo fóònù ni wọ́n ti béèrè àkàmù. Mo jókòó tì wọ́n, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹni tó rẹ́rìn-ín lẹ́nubodè, ọ́fíìsì tó lọ sùn, iyán tí wọ́n ń pè ní fùfú. Ibi tí mo ti fi ọ̀rọ̀ Párísì gún Músíọ̀ Kójó, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní èyí tí wọ́n máa pín fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ti bọ́ sí rere, ṣùgbọ́n àwọn èyí tí wọ́n ti tà kò ṣeé kó padà, wọ́n wà nílé àwọn èèyàn, ọmọ ọ̀dọ̀ sì wà nínú wọn. Inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ní mo máa kọ lẹ́tà sí wọn lóṣooṣù títí wọ́n á fi wá nǹkan ṣe sí i.

Màmá kò béèrè nǹkan kan nípa ìwé. Wọ́n ní kí n tún sọ ti Ìyá Sọlá. Mo tún un sọ.

"Orí kí ló kúnlẹ̀ sí?"

Mo ní orí sìmẹ́ǹtì.

"Láti ìgbà tó ti bí ìbejì ni orúnkún yẹn ti ń dùn ún," ni Màmá wí. "Ta ló gbé e dìde?"

Mo la ẹnu láti dáhùn. Bírò ni mò ń wò nígbà náà. Ìgbà tí mo máa fi bojú wẹ̀yìn, wọ́n ti wà lórí àga wọn, wọ́n ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lórúnkún, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe débẹ̀.